Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin: Àwọn Olùkọ́ Rẹ̀, Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ àti Èdè Rẹ̀

  Ọ̀rọ̀ tí olóòtú ètò yìí fi lé mi lọ́wọ́ láti là yé yín ni ti ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn lọ́yà: irú ènìyàn wo ni àwọn olùkọ́ ibẹ̀, kí ni wọ́n ń kọ́ni, ọdún mélòó ni ọmọ yín sì gbọ́dọ̀ lò níbẹ̀ kí ó tó lè wọ aṣọ dúdú, kí ó dé wíìgì funfun, kí ó sì dìde níwájú adájọ́. Àwọn kan nínú yín lè máa bi ara wọn léèrè pé kí ni olùkọ́ èdè Yorùbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn amòfin. Ìbéèrè náà tọ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ mú sùúrù fún mi, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ gan-an ni ìdí tí mo fi gbà láti wá sọ̀rọ̀.

Ìtàn kékeré kan ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sin ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ìbátan mi lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Ìyá náà dúró níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí ń dúró sí, ó sì sọ ní èdè Yorùbá pé, "Bàbá wa fi ilẹ̀ náà dógò lọ́wọ́ bàbá wọn nígbà tí owó ìsìnkú ká a mọ́." Akọ̀wé tí ó ń ṣe ògbufọ̀ yí ọ̀rọ̀ yìí sí Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ fún adájọ́ ni pé bàbá ìyá náà fún bàbá àwọn olùjẹ́jọ́ ní ilẹ̀. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ. Lọ́yà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí orí rẹ̀ pé, tí ó sì jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa, kò mira. Ìyá náà kò mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Ó ń bá ẹ̀rí rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí dáadáa. Nínú àṣà wa, ẹni tí ó fi ilẹ̀ dógò lè san owó tí ó yá padà, kí ó sì gba ilẹ̀ rẹ̀, bí ó ti wù kí ọjọ́ pẹ́ tó. Ẹni tí ó fi ilẹ̀ fúnni ti yọwọ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dúró láàárín ìyá náà àti ilẹ̀ bàbá rẹ̀, a sì ti ṣì í túmọ̀. Mo yára kọ ọ́ sórí bébà, mo sì fi ránṣẹ́ sí lọ́yà. Ó dìde, ó sì bẹ adájọ́ pé kí a tún ìbéèrè náà bi ẹlẹ́rìí. A tún un bi í, a sì ṣe àtúnṣe. Nígbà tí a jáde, mo bi lọ́yà náà pé ṣé kò gbọ́ ohun tí ìyá wí ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo tẹ́tí sí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni adájọ́ ń kọ sílẹ̀. Bí wọ́n ti kọ́ wa láti gbọ́ ẹjọ́ nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí bí a ti ń kọ́ àwọn lọ́yà wa.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí ibi kankan ní ilẹ̀ yìí tí ènìyàn ti lè kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Òfin kóòtù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1876 fi àyè sílẹ̀ kí adájọ́ àgbà lè yan àwọn tí wọ́n mọ̀wé díẹ̀, tí wọ́n sì mọ ètò kóòtù, láti máa gba ẹjọ́ rò, bí wọn kò tilẹ̀ kọ́ òfin rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ di lọ́yà gidi ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ni Christopher Alexander Sapara Williams, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Ìjẹ̀ṣà. Ní 1879 ni a gbà á sínú iṣẹ́ náà ní Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1888 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó tọ ọ̀nà yìí ni Stella Thomas, ẹni tí ó di lọ́yà ní 1933, tí ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ májísíréètì ní Nàìjíríà ní 1943.

Àwọn tí wọ́n lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n kọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn bí a ti ń pín ogún ní Ìjẹ̀bú tàbí bí a ti ń dá ilẹ̀ ẹbí mọ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀ ẹni kan ṣoṣo. Bákan náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ń rojọ́ ní kóòtù yàtọ̀ sí ẹni tí ń kọ ìwé àdéhùn ní ọ́fíìsì. Ní Nàìjíríà, ènìyàn kan náà ni ó ń ṣe méjèèjì. Àìṣedéédéé yìí ni ó mú kí ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan ní 1959, lábẹ́ Unsworth tí ó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Ìgbìmọ̀ náà dá a lábàá pé kí a máa kọ́ òfin ní Yunifásítì nílé níhìn-ín, kí a sì dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1962 ni òfin tí ó dá Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Òfin sílẹ̀ jáde. Ní 1963 ni Nigerian Law School ṣí ilẹ̀kùn ní Èkó. Láti ìgbà náà wá ni ilé tí ọmọ gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ó tó di lọ́yà ti di méjì: Yunifásítì lákọ̀ọ́kọ́, Law School lẹ́yìn náà.

Ilé kìíní: ẹ̀ka òfin ní Yunifásítì

Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní òfin, ní 1961. Ní 1962, Èkó, Ifẹ̀ àti Zaria tẹ̀lé e. Ìlú Ìbàdàn ni ẹ̀ka òfin ti Ifẹ̀ kọ́kọ́ wà kí Yunifásítì náà tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Òun ni ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Lónìí, Yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni tí wọ́n ń kọ́ òfin ti pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Òfin fọwọ́ sí. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ìgbìmọ̀ yìí ti fọwọ́ sí ẹ̀ka òfin ibẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ọmọ lè gba oyè kí ilẹ̀kùn Law School má sì ṣí fún un.

Ta ni àwọn olùkọ́? Àkàbà ni ipò wọn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń gòkè di olùkọ́ onípò kejì, olùkọ́ onípò kìíní, olùkọ́ àgbà, títí tí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwa olùkọ́ yòókù ni pé, yàtọ̀ sí oyè kejì àti oyè dókítà, púpọ̀ nínú wọn tún jẹ́ lọ́yà tí a ti gbà sínú iṣẹ́. Ẹsẹ̀ kan wà nínú ìwé, ẹsẹ̀ kejì wà ní kóòtù. Díìnì ni olórí gbogbo wọn, olórí kọ̀ọ̀kan sì wà fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi Yunifásítì Èkó ṣe àpẹẹrẹ, ìsọ̀rí mẹ́rin ni: ti òfin tí ó de ìjọba àti ìlú, ti òfin láàárín ẹni méjì àti ohun ìní, ti òfin òwò àti iṣẹ́, àti ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa òfin pẹ̀lú òfin àárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè.

Àwọn tí wọ́n ti ṣe olùkọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ẹni kékeré. L.C.B. Gower, ọ̀jọ̀gbọ́n ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Díìnì àkọ́kọ́ ní Èkó. Táslím Ọláwálé Elias jẹ Díìnì níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó di Adájọ́ Àgbà fún Nàìjíríà ní 1972, ó sì di ààrẹ Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague ní 1982. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jádesọlá Akande, tí ó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Nàìjíríà, di olórí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1989. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé àwọn tí kì í wọ iyàrá ẹ̀kọ́: àwọn akọ̀wé, àti pàápàá jù lọ àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé. Ilé-ìkàwé ni oko amòfin. Ibẹ̀ ni àkójọpọ̀ ìdájọ́ wà, bí irú *Nigerian Weekly Law Reports* tí Gani Fawehinmi dá sílẹ̀ ní 1985. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ìdájọ́ àná wà, kò lè rojọ́ òní.

Ọdún márùn-ún ni ẹni tí ó gba ọ̀nà JAMB wọlé láti ilé-ẹ̀kọ́ gíríámà ń lò. Ẹni tí ó ti ní oyè tàbí ìwé-ẹ̀rí tí ó ga ju ti gíríámà lọ lè lo mẹ́rin. Ní ọdún kìíní, wọ́n máa ń kọ́ ọmọ bí a ti ń ka òfin àti bí a ti ń ronú bí amòfin, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ dandan. Lẹ́yìn náà ni àwọn òpó ẹ̀kọ́ ń tẹ̀lé ara wọn. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ là wọ́n yé yín.

Bí ìyá aláṣọ bá ta aṣọ àwìn fún oníbàárà, tí wọ́n dá ọjọ́ tí owó yóò wọlé, tí ọjọ́ sì kọjá, òfin àdéhùn ni ó kàn. Bí awakọ̀ kan bá ṣe àìbìkítà tí ó fi ọkọ̀ ya odi ilé yín, tí ẹ fẹ́ kí ó san owó àtúnṣe, èyí wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Torts, ìyẹn òfin nípa ìpalára tí ènìyàn ṣe fún ọmọnìkejì rẹ̀. Bí awakọ̀ kan náà bá jí ọkọ̀ náà gbé, ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò pè é lẹ́jọ́. Òfin ọ̀ràn dídá nìyẹn. Bí gómìnà bá ṣe ohun tí agbára rẹ̀ kò dé, òfin ìjọba ni. Bí bàbá kan bá fi owó ọmọ rẹ̀ sí ìkáwọ́ àbúrò rẹ̀ kí ó máa bá a tọ́jú rẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà tí ó sọ ohun tí ó de àbúrò náà. Òfin ilẹ̀ wà, nínú èyí tí wọ́n ti ń ka Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978. Òfin ẹ̀rí jíjẹ́ wà, òfin káràkátà wà, òfin ilé-iṣẹ́ náà sì wà. Ní ọdún tí ó kẹ́yìn, wọ́n ń bèèrè ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ jù lọ: kí ni ó ń jẹ́ òfin, kí ni ó sì sọ wá di ẹni tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e? Àwọn ẹ̀kọ́ tí ọmọ lè yàn fúnra rẹ̀ tún wà: òfin ìdílé àti ogún, òfin Mùsùlùmí, òfin òṣìṣẹ́, owó-orí, ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún ń ṣe kóòtù ìdánrawò, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ́ lọ́yà tí olùkọ́ sì ń jẹ́ adájọ́. Bí ọmọ bá yege nínú gbogbo èyí, ó gba oyè LL.B. Ṣùgbọ́n kò tíì di lọ́yà.

Ilé kejì: Law School

Law School kì í ṣe Yunifásítì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ-iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ti ń kọ́ bí a ti ń di ẹmú mú lẹ́yìn tí ó ti mọ orúkọ irin. Ní 1997 ni olú ilé-ẹ̀kọ́ náà kó kúrò ní Èkó lọ sí Bwari, lẹ́bàá Àbújá. Èkó sì di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀, pẹ̀lú Enugu, Kano, Yola, Yenagoa àti Port Harcourt. Ọ̀gá Àgbà kan ni ó ń darí gbogbo rẹ̀, igbákejì ọ̀gá sì ń darí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Lọ́yà ni àwọn olùkọ́ ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni: bí a ti ń rojọ́ láàárín aráàlú méjì, bí a ti ń rojọ́ ọ̀ràn dídá, bí a ti ń ṣe ìwé lórí ilẹ̀, ilé àti ìhágún, bí a ti ń ṣe iṣẹ́ amòfin fún ilé-iṣẹ́, àti ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú ọgbọ́n ìṣiṣẹ́. Láàárín ọdún, wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kóòtù láti jókòó nítòsí adájọ́, àti sí ọ́fíìsì lọ́yà láti rí bí iṣẹ́ ti ń lọ. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ alẹ́ mẹ́ta pẹ̀lú àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà, àṣà tí a jogún láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí wọ́n kọ́ òfin ní òkè òkun ní láti kọ́kọ́ ṣe apá kan tí a ń pè ní Bar Part One, kí wọ́n lè mọ òfin Nàìjíríà, kí wọ́n tó dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù ní Bar Part Two.

Ìdánwò ibẹ̀ le. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, máàkì tí ó kéré jù lọ nínú ẹ̀kọ́ márààrún ni wọ́n fi ń pinnu ipò akẹ́kọ̀ọ́. Bí ọmọ bá ta yọ nínú mẹ́rin, tí ó sì rọra kọjá nínú ìkarùn-ún, ìkarùn-ún yẹn ni yóò fi ipò rẹ̀ hàn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé oníbàárà kì í yan ibi tí ọgbọ́n lọ́yà rẹ̀ ti mú. Ẹni tí ó bá yege, tí a sì rí i pé ìwà rẹ̀ dára, ni ìgbìmọ̀ àwọn àgbà amòfin tí a ń pè ní Body of Benchers ń gbà sínú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ọjọ́ náà ni ó di lọ́yà.

Ibi tí èdè wa gbé wọ inú òfin

Ní báyìí, mo lè padà sí ìbéèrè tí ẹ bi mí: kí ni olùkọ́ Yorùbá ń wá níbẹ̀? Ohun tí mo rí nínú ìwé àwọn amòfin yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wà nínú àkójọpọ̀ ìdájọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kà, ìbáà ṣe ọmọ Hausa tàbí ọmọ Ìgbò. *Ìṣákọ́lẹ̀* wà níbẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹni tí a fún ní ilẹ̀ dá oko ń san láti fi jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ ní olówó. *Idí-igi* àti *orí-ò-jorí* náà wà níbẹ̀, ìtàn ńlá sì wà nídìí wọn.

Bàbá kan kú ní Èkó, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí sílẹ̀. Báwo ni kí a pín ogún rẹ̀? Bí a bá pín in ní idí-igi, ọ̀nà mẹ́rin ni, ọ̀kan fún ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìyá rẹ̀ bí ní òun nìkan yóò gba ìdámẹ́rin odindi, àwọn tí ìyá wọn bí ní púpọ̀ yóò sì pín ìdámẹ́rin tiwọn láàárín ara wọn. Bí a bá pín in ní orí-ò-jorí, ọ̀nà mẹ́sàn-án ọgbọọgba ni. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà gbà pé orí-ò-jorí ni ó bá ìgbà mu. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ìjọba àpapọ̀ yí ìdájọ́ rẹ̀ padà ní 1958, ó ní idí-igi ṣì jẹ́ ara àṣà Yorùbá tí ó dúró ṣinṣin, àti pé níbi tí àríyànjiyàn bá wà, olórí ẹbí ni ó lè pinnu bóyá orí-ò-jorí ni kí a lò. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1962, àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìdájọ́ kejì yìí. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ni orúkọ tí ó ń jẹ́ nínú ìwé títí di òní.

Ẹ wò ó! Ọ̀rọ̀ méjì láti ẹnu àwọn àgbà wa la òkun kọjá, wọ́n sì pinnu ohun tí ọmọ mẹ́sàn-án yóò jẹ. Síbẹ̀, lójú òfin ẹ̀rí jíjẹ́ tí a ń lò, tí a tún ṣe ní 2011, àṣà ìbílẹ̀ dà bí àlejò ní kóòtù. Bí ilé-ẹjọ́ kò bá tíì gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí a mọ̀, ẹni tí ó bá gbára lé e gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí wá láti fi í hàn. Èdè wo ni ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀? Èdè àwọn tí wọ́n mọ àṣà náà ni. Nípa báyìí, ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ ni a tún padà sí.

Ohun tí ó kù

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, ní ìpín 36, sọ pé ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn ní ẹ̀tọ́ kí a tètè sọ ẹ̀sùn náà fún un ní èdè tí ó gbọ́, kí a sì fún un ní ògbufọ̀ láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Ẹ̀tọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ẹ̀tọ́ náà wà? Ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń túmọ̀, àti lọ́wọ́ lọ́yà tí ó yẹ kí ó mọ̀ bí ìtumọ̀ bá wọ́. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: "Mo gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀." Ó lè jẹ́ pé ó fún mi ni mo gbà, ó lè jẹ́ pé mo fi agbára já a gbà. Nínú ẹjọ́ olè, ìyàtọ̀ méjèèjì lè jẹ́ ọdún púpọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. "Bàbá mi" lè jẹ́ ẹni tí ó bí mi, ó sì lè jẹ́ àbúrò rẹ̀. Nínú ẹjọ́ ogún, kì í ṣe ohun kékeré. Yorùbá tí ó ń sọ ọ́ kò ṣe àṣìṣe; ẹni tí ń túmọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ bèèrè kí ó tó yan ọ̀kan.

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ dandan tí mo kà sílẹ̀ fún yín, lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì wà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó kọ́ ọmọ bí a ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ògbufọ̀ tàbí bí a ti ń gbọ́ ẹjọ́ ní èdè oníbàárà. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ka òfin, ìdáhùn wọn ní láárí. Wọ́n ní ẹrù àwọn ọmọ ti wúwo. Wọ́n tún ní láti gbogbo ẹ̀yà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá, a kò sì lè fi dandan kọ́ ọmọ Ijaw ní Yorùbá. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ohun tí mo ń bèèrè kò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni. Lọ́nà kìíní, kí Law School fi ìwọ̀nba àkókò sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọgbọ́n ìṣiṣẹ́, láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè nípasẹ̀ ògbufọ̀, àti bí a ti ń dìde nígbà tí ìtumọ̀ bá ṣì. Èyí kan gbogbo ẹ̀yà. Lọ́nà kejì, kí àwọn Yunifásítì tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀kọ́ àṣàyàn kan lórí èdè òfin ní Yorùbá, tí ẹ̀ka òfin àti ẹ̀ka èdè yóò jọ máa kọ́. Lọ́nà kẹta, kí a kọ́ àwọn ògbufọ̀ kóòtù níṣẹ́, kí wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí, nítorí pé iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe àfikún sí iṣẹ́ akọ̀wé. Irinṣẹ́ kò ṣàìsí. Ní 1991, àjọ ìwádìí ètò ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní NERDC tẹ ìwé kan jáde tí ó to ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin ní Gẹ̀ẹ́sì, Hausa, Ìgbò àti Yorùbá. Ìpín 55 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè tilẹ̀ gbà pé a lè fi èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ṣe iṣẹ́ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ nígbà tí ètò bá wà fún un. Bí aṣòfin bá lè fi Yorùbá ṣe òfin, kí ni kò ní jẹ́ kí lọ́yà lè fi Yorùbá gbọ́ ọ?

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yín ni yóò kẹ́yìn. Bí ọmọ yín bá fẹ́ di lọ́yà, àwọn Yunifásítì yóò bèèrè pé kí ó yege nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti lítíréṣọ̀ rẹ̀. Ẹ rí i pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi Yorùbá sílẹ̀ nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá rẹ̀ nítorí pé wọn kò fi í ṣe dandan. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan yóò dúró níwájú adájọ́, yóò sì sọ òtítọ́ bí ó ti mọ̀ ọ́n ní èdè tí ó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lè gbọ́ ohun tí ìyá náà wí kí ògbufọ̀ tó la ẹnu.